Bí Ọ̀gá Mí-Kanlẹ̀ Ṣe Pàdánù Ipò Igbákejì Gómìnà

Ọkùnrin kan wà tí Ọlọ́run fún ní etí. Kì í ṣe pé àwa yòókù ò létí o, ṣùgbọ́n ní etí tiwa, àlejò ni ọ̀rọ̀: kò tíì jókòó tán tí a ti ń sìn ín sọ́nà. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ló kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tó ṣe tán, ó gba yàrá kan ṣoṣo lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, ó gbé àga méjì síbẹ̀, ó gbé páálí tíṣù sáàárín wọn. Ẹni tí oorun ò kùn, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìrí ejò, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí ẹkún ò jáde, wọn a gun àtẹ̀gùn náà lọ bá a. Òun a jókòó, a fọwọ́ lẹ́rán, a dákẹ́. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, òun náà a rọra bi wọ́n pé, "Báwo ló ṣe rí lára yín?" Wọn a sọ̀rọ̀, wọn a sunkún, wọn a fun imú, wọn a sì lọ sílé lọ sùn. Iṣẹ́ rere ni. Ẹ jẹ́ ká yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí, kó tó di pé ìyìn bà á jẹ́.

Alága ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àlééfà ló bà á jẹ́. Bàbá yìí kò rí oorun sùn, nítorí pé ó ti ṣèlérí ipò kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti ń gba kóńgírásúléṣọ̀n. Ó gun àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó rojọ́, ó rojọ́, àfi bó ṣe sùn lọ fọnfọn lórí àga. Nígbà tó jí, ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó wò yíká yàrá náà, ó ní, "Irú ẹ̀yin yìí kọ́ ló yẹ kó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí ọkùnrin náà, kò sì jáde mọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di kọnsọ́tánǹtì ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè wá sínú ilé tí kò bá wọn kọ́ ni, kó wá fi ibi tí ilẹ̀kùn wà han onílé. Ó ṣe é dáadáa. Kò sí ìpàdé tó wọ̀ tí wọn ò sunkún. Ni gómìnà bá ní òun fẹ́ fi í ṣe olùdámọ̀ràn òun, ó ku kí àwọn aṣòfin yẹ̀ ẹ́ wò.

Aṣòfin kan dìde, ọkùnrin gíga tó máa ń fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, sọ fún ilé yìí: kí lo fẹ́ ṣe sí àìsí dókítà nílé ìwòsàn agbègbè mi?"

Ọkùnrin wa kò mọ nǹkan kan nípa ilé ìwòsàn agbègbè yẹn. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ọlọ́lá, ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mi yẹn, báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Báwo ló ṣe rí lára mi bí ti báwo?"

"Mo gbọ́ ohùn yín. Ó dà bíi pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá yín lóhùn."

Aṣòfin náà ya ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ní, "Bàbá mi... Bàbá mi ò yìn mí rí. Títí tó fi kú, kò sọ pé mo ṣe é dáadáa rí." Ló bá bú sẹ́kún. Aṣòfin tó jókòó tì í dì mọ́ ọn, òun náà ń sunkún ìyá rẹ̀. Olórí ilé ní kí wọ́n bá òun wá tíṣù. Nígbà tí wọ́n fi rí tíṣù, gbogbo ilé ti fọwọ́ sí orúkọ ọkùnrin náà. Ilé ìwòsàn agbègbè yẹn ò sì rí dókítà di bá a ṣe ń wí yìí.

Báyìí ló ṣe di Olùdámọ̀ràn Àgbà Pátápátá fún Gómìnà lórí Ìfọ̀kànbalẹ̀ Ará Ìlú àti Ìtura Ẹ̀mí Gbogbogbòò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ oyè yìí sí ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ilẹ̀kùn kò gbà á. Wọ́n kọ ọ́ dé "Ìfọ̀kànbalẹ̀," wọ́n kọ ìyókù sára ògiri. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn wọlé, ńṣe ló máa ń fa oyè náà ya sí méjì.

Àwọn ará ìlú ò ní àyè gbogbo gígùn yẹn lẹ́nu. Mí-Kanlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ pa láṣẹ nìyẹn. Ó ní ìbínú ló ń ba ìlú jẹ́. Ó ní kí wọ́n lẹ ìlànà òun mọ́ ara ògiri ní gbogbo ọ́fíìsì, gbogbo ilé ìwé, àti ibi gbogbo tí ènìyàn bá ti ń tò: BÍ INÚ BÁ Ń BÍ Ọ, PA ẸNU MỌ́. DI OJÚ. MÍ KANLẸ̀. MÁ SỌ̀RỌ̀ TÍTÍ INÚ RẸ YÓÒ FI RỌ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ káàkiri, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń mí hàn wọ́n. Àgbàlagbà tó ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọ́ ọ ní mímí.

Láràárọ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó yí i ká. Agbo Òótọ́ Inú ló sọ ọ́. Kálukú á sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí òótọ́ inú rẹ̀ bá ti korò, wọ́n á gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Ẹ ò rí i pé kò pẹ́ tí òótọ́ inú gbogbo wọn fi dùn bí oyin.

Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin á bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá, orí ló ń fọ́ mi láti àná. Bí mo ṣe rí ọkọ̀ yín lẹ́nu géètì báyìí, ó pòórá."

Ọ̀gá á mi orí. "Mo gbọ́ ọ. Awakọ̀, ìwọ ńkọ́?"

Awakọ̀ kì í gbà kí akọ̀wé ta òun yọ. "Ọ̀gá, ti èmi kọjá orí fífọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn gan-an, bí mo bá dá wà níbẹ̀, a máa ké. Bí ẹ bá ti jókòó báyìí, kẹ́kẹ́ pa!"

"Áà! Ẹ́ńjìnnì náà mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ yín, sà. Àní táyà gan-an mọ̀ yín."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí kan náà, nígbà tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, bí ẹnìkan bá purọ́ níwájú rẹ̀, láti orí ìmí ẹni náà ló ti máa mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ń yìn wá, ta ló ń yẹ èémí rẹ̀ wò?

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú agbo. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yíká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró tì í bó ṣe ń de táì.

"Bàbá àwọn ọmọ, omi ò wá."

"Mo gbọ́ pé inú ń bí ọ."

"Inú ò bí mi. Mo ní omi ò wá."

"Ó jọ pé omi yìí dúró fún nǹkan kan lọ́kàn rẹ."

"Ó dúró fún ìwẹ̀. Ó dúró fún abọ́ àná tó wà nínú básíà. Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń tò lẹ́nu ẹ̀rọ òpópónà? Ìwọ ṣáà rí omi nínú garawa ìwẹ̀, o rò pé ẹ̀rọ ló gbé e wá?"

Ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, ó fi ẹnu kan obìnrin náà níwájú orí, ó jáde lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní àkókò yìí ju omi lọ. Ìbò ń bọ̀. Igbákejì gómìnà ti dàgbà, ó ní òun fẹ́ sinmi, gómìnà sì ti ń wo ojú àwọn ènìyàn láti mọ ẹni tí yóò fà kalẹ̀ fún ipò náà. Mí-Kanlẹ̀ ń fẹ́ ipò yìí bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fẹ́ ọmú. Ó ti ń dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ bí igbákejì gómìnà ṣe ń juwọ́: kì í ga tó ti gómìnà, kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ti kọmíṣọ́nnà lọ. Kódà ó ti ra bàtà tó máa fi gba ìbúra.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ará àdúgbò kan kó garawa òfìfo wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bíríkìlà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni aṣáájú wọn, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ọ̀gá, páìpù ti fọ́ láti ìgbà òjò. Ọ́fíìsì omi ní káwọn rí ìwé àṣẹ gómìnà kí àwọn tó gbẹ́ títì. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ gómìnà. Ẹ bá wa sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo létí gómìnà, ó parí. Ṣùgbọ́n Mí-Kanlẹ̀ dìde, ó tẹ́ apá bí ẹni fẹ́ fò.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n! Ṣé páìpù ló fọ́, àbí ọkàn? Mo wo ojú yín, mo rí i pé òùngbẹ ń gbẹ yín. Ṣùgbọ́n òùngbẹ kí ni? Òùngbẹ ìfẹ́! Òùngbẹ kí ẹnìkan pe orúkọ yín jẹ́jẹ́! Ẹ̀rọ omi lè gbẹ, kí kànga inú yín má gbẹ!"

Bíríkìlà ní, "Àmín o. Páìpù náà ńkọ́?"

Wọ́n kó wọn lọ sí Yàrá Ìtura. Yàrá yìí dára, kí n má purọ́: àga tìmùtìmù, kọ́tìnnì aláwọ̀ ojú ọ̀run, fáànù tó ń fẹ́ bí aláìní-ìṣòro. Àṣẹ ibẹ̀ ni pé wọ́n á mí títí, lẹ́yìn náà wọ́n á bi kálukú bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá ní, "Ara mi ti balẹ̀," á máa lọ sílé. Ẹni tó bá ní kò tíì balẹ̀, á tún un mí látìbẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà ṣe agídí, ó mí títí òòyì fi ń kọ́ ọ. Nígbà tó rántí pé òun fi ilé sílẹ̀ láìtì í, ó ní, "Ó ti balẹ̀! Ó ti balẹ̀! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Tìtorí ọ̀nà, tìtorí owó orí, tìtorí iná, ẹnikẹ́ni tó bá wá, yóò mí, yóò ní ara òun balẹ̀, yóò lọ. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn, ṣùgbọ́n Mí-Kanlẹ̀ mú èsì náà tọ gómìnà lọ tayọ̀tayọ̀.

"Ọlọ́lá jùlọ, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí inú ń bí nínú ìpínlẹ̀ yìí mọ́."

Gómìnà wò ó. Ènìyàn gbígbẹ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ẹyọ ẹnìkan?"

"Ẹyọ ẹnìkan, Ọlọ́lá."

"Èmi gan-an inú ń bí mi láàárọ̀ yìí."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀yin nìkan ló kù, sà."

Gómìnà ní òun ti ń rò ó pé kí òun lọ káàkiri kí ìbò tó dé, kí òun wo páìpù àti títì. Mí-Kanlẹ̀ fọwọ́ bo àyà bí ẹni tí wọ́n gún. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ti sùn, ẹ fẹ́ jí i wá bi í bóyá ó sùn? Ẹ kàn pè wọ́n jọ sí pápá ìṣeré. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré. Ẹ óò gbọ́ bí ìfẹ́ ṣe ń dún." Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé, "Bẹ́ ẹ bá sì ti ní igbákejì kan lọ́kàn, ibẹ̀ gan-an ló dáa kẹ́ ẹ ti fi í hàn."

Gómìnà gbà. Ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ọ̀dọ̀ Mí-Kanlẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ pé. Pápá ìṣeré kún dẹ́múdẹ́mú. Tẹlifíṣọ̀n gbé kámẹ́rà wá. Mí-Kanlẹ̀ wọ bàtà ìbúra rẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gómìnà, ọwọ́ tó fẹ́ jù ti wà ní sẹpẹ́ lórí orúnkún. Gómìnà dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ padà wá. Olùdámọ̀ràn mi yìí ni mo fẹ́ mú ṣe igbákejì. Ṣé ẹ fẹ́ wa?"

Gbogbo pápá náà pa ẹnu mọ́.

Wọ́n di ojú. Èjìká gbogbo wọn gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbọ́ èémí ogunlọ́gọ̀ náà bí atẹ́gùn tó ń gba inú oko kọjá.

Inú Mí-Kanlẹ̀ dùn. Ó tẹ̀ sí etí gómìnà. "Ọlọ́lá, ìfọ̀kànbalẹ̀ rèé o. Mo kọ́ wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n."

Gómìnà dúró. Wọ́n ṣì ń mí. Ó fi ìka kan gbohùngbohùn wò, bóyá kò ṣiṣẹ́. Ó tún un bi wọ́n: "Ṣé ẹ fẹ́ wa?" Èjìká gòkè, èjìká sọ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ìyá rẹ̀ fi ọmú dí i lẹ́nu. Kámẹ́rà ń yí.

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú Mí-Kanlẹ̀. Ó gba gbohùngbohùn. Ó ní, "Ó ti tó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ lè la ojú. Ẹ lè dáhùn." Kò sẹ́ni tó la ojú. "Ẹ̀yin ará! Ẹ dáhùn nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé?"

Bíríkìlà náà dìde níwájú. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. "Ọ̀gá, ẹ ní ká má sọ̀rọ̀ títí inú wa yóò fi rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ṣé kò tíì rọ̀ ni?"

"Kò tíì rọ̀, sà."

Ó tún jókòó. Ó mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn olùkọ́ wà. Mí-Kanlẹ̀ ò lè búra. Ohun tó mọ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀rín náà fi dé iwájú, ó ti di ariwo, àwọn oníkámẹ́rà gan-an ń mì, àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n sì ń mì pẹ̀lú wọn. Gómìnà nìkan ni kò rín. Ó wo olùdámọ̀ràn rẹ̀ láti orí dé bàtà.

Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn àga àwọn èèkàn, gómìnà jókòó, ó bọ́ fìlà. "O ní kò sí ẹyọ ẹnìkan."

"Ọlọ́lá jùlọ, ìdákẹ́ wọn yẹn, tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, apá kan ìfẹ́ ni. Mo lè kọ ìwé lé e lórí."

"Gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sórí tábìlì."

"Ọlọ́lá, ipò igbákejì yẹn..."

"Mo ti ní kí Kọmíṣọ́nnà Iṣẹ́ Òde máa bọ̀. Ó lè má mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí páìpù gbà."

Nígbà tó jáde, akọ̀wé rẹ̀ ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọmíṣọ́nnà Iṣẹ́ Òde, ó ń sọ fún un pé orí ń fọ́ òun tẹ́lẹ̀ ni. Awakọ̀ ní tirẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kò ṣílẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n máa gbé ọkọ̀ lọ."

"Èmi náà ń lọ sílé. Gbé mi dé ìkóríta."

"Ẹ́ńjìnnì ò ní gbà, sà," ni awakọ̀ wí, ló bá ṣáná sí i, ọkọ̀ lọ láìké rárá.

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí a ṣe ń sọ ènìyàn kalẹ̀ láìṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, bàtà tuntun ń gé e ní gìgísẹ̀. Nígbà tó dé òpópónà wọn, ó bọ́ ọ, ó fi í sábẹ́ apá, ó tú táì. Ilé wà ní títì. Ó wò yíká, ó rí ìyàwó rẹ̀ lórí ìlà ńlá kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi, garawa méjì níwájú rẹ̀. Obìnrin náà ti gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń bẹ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó kàn sún garawa kan síwájú ọkọ rẹ̀. Òun náà bọ́ sórí ìlà.

Ibẹ̀ ni oòrùn ti pa á. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Ìlà rọra ń lọ, ó ku ènìyàn díẹ̀ kó kàn wọ́n, ni òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì omi bá dé pẹ̀lú àgádágodo, ó ní àkókò òun ti tó, òun fẹ́ ti ẹ̀rọ pa.

Mí-Kanlẹ̀ kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Ti kí ni pa? Ta ló ní kó o tì í? Ṣé o ò rí wa ni? Ìyá arúgbó yìí dúró láti ìdájí! Àwọn abọ́ àná wà nínú básíà! Ọmọ ò wẹ̀! Tó o bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn lónìí, ìwọ àti èmi la jọ máa sùn síbí!"

Ohùn rẹ̀ há, ó ń na bàtà rẹ̀ kan sókè sódò bí ọ̀pá àṣẹ. Òṣìṣẹ́ náà fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn, ó fi àgádágodo sápò, ó ní òun á padà wá nírọ̀lẹ́. Omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀ọ̀. Gbogbo ìlà ń wo ọkùnrin tí gbogbo wọn mọ̀ dunjú.

Gbogbo wọn, àyàfi ìyá arúgbó iwájú, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó na ọwọ́ títí ó fi rí apá Mí-Kanlẹ̀, ó sì dì í mú.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ọlọ́run á gbè ọ́. Irú ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe igbákejì gómìnà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi ṣe é lónìí yẹn."

Kò sẹ́ni tó mí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti fi etí aṣọ dí i, kò dí. Òun náà wo ìyá náà, ó wo bàtà ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Òótọ́ ni, ìyá." Ó sì bẹ̀rẹ̀, ó gbé garawa wọn sábẹ́ omi.